Ẹni Tó Bá Rán Roqeeb Níṣẹ́ Kò Gbọdọ̀ Dìde

Agboolé Alápó, Ẹdẹ,
5 oṣù Keje, 2025.

Kúlúsúmù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí òtútù Ìlú Ọba tó ń bá ọ gbé, mo sì kí àwọn arúgbó òyìnbó tí o ń wẹ̀ fún níbi iṣẹ́ rẹ. Bá mi sọ fún wọn pé arúgbó kan wà ní Ẹdẹ tí ẹnikẹ́ni ò wẹ̀ fún, tí ẹ̀yìn sì ń yún un. Ìyá rẹ ní kí n má kọ èyí. Mo ti kọ ọ́ ná.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já nítorí pé lẹ́tà ni o rí. Mi ò kú. Bí mo bá kú, èmi kọ́ ni màá kọ̀wé láti fi tó ọ létí. Míìsì Comfort ló ní kí a ṣíwọ́ fóònù ná, nítorí ìgbà tí o pè kẹ́yìn, igbe tí o ké mọ́ Roqeeb pọ̀ débi pé àwọn ewúrẹ́ agboolé sá wọlé. Ó ní nínú lẹ́tà, èèyàn máa ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Fawziyah ọmọ ilé kejì ni yóò máa ya ìwé mi ní fọ́tò, tí yóò fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Ìwọ náà, fi ọwọ́ kọ tìrẹ kí o yà á ránṣẹ́, kí n lè mọ̀ bóyá ìwé tí mo rán ọ lọ kà wọ orí rẹ.

Ta ni Míìsì Comfort? Fara balẹ̀. O ti gbọ́ pé Roqeeb ọmọ rẹ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tú bátìrì sólà mọ́ṣáláṣí wa, tí wọ́n sì tà á. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀fun tí Ọlọ́run fún Ládánì Lásísì ni wọ́n fi ń pe ìrun báyìí, ohùn wọn sì ti dà bí ti àkùkọ tí òjò pa. Ọlọ́pàá mú ọmọ rẹ. Nígbà tí a dé iwájú adájọ́, ó ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe ẹni tí à ń sọ sẹ́wọ̀n. Ó ní bí gbogbo ẹbí bá gbà, òṣìṣẹ́ ìjọba kan yóò máa wá bá wa jókòó nílé ní Sátidé-Sátidé, àti àwa àti àwọn ará àdúgbò, kí a jọ wo ohun tó ń ṣe ọmọ náà.

Mo ní, "Olúwa mi, ṣé èmi ni mo jí bátìrì ni?"

Ó ní, "Rárá, Bàbá."

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ wò mí sàn?"

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà, ó ṣì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Òní ló kọ́kọ́ wá. Mo ti ń retí ìyáàfin gàgàrà kan tó wọ bàtà gogoro. Ọmọ tín-ín-rín kan ló sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó lórí ẹní. Mo ní ó dára, kó bá mi wo orúnkún mi. Ó ní, "Bàbá, orúnkún kọ́ lèmi ń wò. Ẹnu ni mò ń wò, tiyín sì jọ èyí tó ti ń ṣe yín tipẹ́." Kúlúsúmù, mo fẹ́ràn ọmọ náà lójú ẹsẹ̀.

Kò tilẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ bátìrì. Ó ní, "Láàárọ̀, ta ló kọ́kọ́ ń rí Roqeeb?" Ìyá rẹ wò mí, èmi náà wò ó. Agboolé tó kún bí ọjà yìí, ẹnìkan ò lè dáhùn. Ó tún ní, kí ọ̀rọ̀ bátìrì tó dé, kí ni ẹjọ́ ọmọ yìí? Èyí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, kì í dé. Rán an lọ lọ ata láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wàá tó rí i, abọ́ á sì ti sọnù. Níbi tó ti ń pẹ́ lọ́nà yìí náà ló ti di ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ gáréèjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Ó-dàárọ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Míìsì ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni pé kí o máa kọ̀wé, kí o má sì jẹ́ kí Mansur àbúrò rẹ dá ohunkóhun ṣe lórí ọmọ yìí kí a tó parí. Ohun tí èmi ń fẹ́ ni ìbọ̀sẹ̀ onírun. Fi méjì ránṣẹ́, nítorí ìyá rẹ yóò jí ọ̀kan.

Èmi bàbá rẹ tí kò jí bátìrì,
Ràṣídì.


Leeds,
12 oṣù Keje, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí Ìyá. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú wa. Ara mi le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ni màá fi ìbọ̀sẹ̀ rán.

Ẹ má bínú, Bàbá, àwàdà yín ò pa mí lẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Mọ́ṣáláṣí ni ọmọ mi jà lólè! Mọ́ṣáláṣí tí bàbá rẹ̀ ti ń kírun kó tó kú. Àwọn tí a jọ lọ sílé kéwú ń pè mí láti Ẹdẹ, wọ́n ń bá mi kẹ́dùn bí ẹni pé ọmọ náà ti kú. Òru ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni mo fi ń sùn, kí ó lè jẹun, kí ó lè wọ bàtà tó dára. Kí ni kò ní?

Ẹ ní ẹnìkan ń wá bá yín jókòó sọ̀rọ̀. Wọ́n ń jókòó sọ̀rọ̀ níbí náà. Wọ́n á jókòó yípo, wọ́n á mu tíì, bí wọ́n bá dìde tán, ọmọ á lọ fi ọ̀bẹ gún ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ nìkan kì í tọ́ ọmọ. Ẹ̀yin náà ò fi ọ̀rọ̀ tọ́ Mansur. Ẹ nà án, ó sì dáa lónìí.

Mansur ti rí ibì kan tó jìnnà sí Ẹdẹ. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú níbẹ̀, wọ́n sì máa ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sẹ́sẹ̀ àwọn tó bá fẹ́ sá. Mo mọ bó ṣe máa rí létí yín. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ó sàn kí wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀ ju kí wọ́n dáná sun ún ní gáréèjì lọ́jọ́ kan, kí ẹ wá máa pè mí lórí fóònù. Kí ilé-ìwé tó wọlé, Mansur á wá mú un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá a jiyàn.

Ọmọ yín,
Kúlúsúmù.


Agboolé Alápó, Ẹdẹ,
3 oṣù Kẹjọ, 2025.

Kúlúsúmù ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo rí i kà pé Mansur ni mo nà, bí ẹni pé mi ò na ìwọ rí. Mo nà ọ́, o gbàgbé ni. Ọwọ́ mi ni kò wúwo.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo kọ ọ́, mo fà á ya, mo tún un kọ. Jókòó kí o tó kà á.

Lánàá, Míìsì tún wá. Ládánì Lásísì wà níbẹ̀, nítorí Míìsì ní ẹni tí a ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ bá wa jókòó. Wọ́n wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ẹ̀yìn sí Roqeeb, wọ́n ń wo ògiri. Míìsì ní, "Roqeeb, bí wọ́n bá rán ẹ níṣẹ́, tó o ti ra nǹkan náà tán, tó wá ku kó o máa bọ̀ nílé, kí ló máa ń ṣe ẹ́?"

Ọmọ náà ń fa etí aṣọ rẹ̀. Mo fẹ́ bá a dáhùn pé ayò ló máa ń wù ú í ta, ìyá rẹ já mi léèékánná nítan. Ewúrẹ́ kan wọlé, ó wò wá, ó jáde.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi máa ń wúwo."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkàrà."

Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ àkàrà nínú wa. Ó wá ń sọ ọ́, ilẹ̀ ló ń wò: "Ọjọ́ tí Màmá mi lọ, wọ́n ní kí n lọ ra àkàrà lọ́dọ̀ Ìyá Fàsílátù. Ó gbóná. Mo sáré kó má baà tutù kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Nígbà tí mo dé, bàtà wọn ò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ẹ ní wọ́n lọ sọ́jà. Mo gbé àkàrà náà pamọ́ dè wọ́n títí tó fi bu. Àtìgbà náà, bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, mi ò mọ ẹni tí màá bá nílé tí mo bá dé. Mo máa ń dúró lọ́nà, kí n má baà tètè mọ̀."

Kúlúsúmù, o mọ àṣà wa. Ìyá tó ń rin ìrìn jíjìn, a kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí i nígbà tó ń lọ, kí ẹkún má baà tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún ìwọ nígbà tí ìyá rẹ lọ sí Mẹ́kà: iyọ̀ ni wọ́n ní kí o lọ rà. O sunkún, o sùn, o jí, o gbàgbé. Ìyá rẹ sì tètè padà. Lọ́jọ́ tí ìwọ ń lọ, gbogbo agboolé ló mọ̀, a sì gbà pé oore là ń ṣe fún ọmọ. Ó ti lé ní ọdún méje. Àwa rò pé ọmọ náà ti wálé. Ó ṣì wà lójú ọ̀nà àkàrà yẹn.

Ládánì Lásísì yí ojú padà, wọ́n wo Roqeeb. Èmi tí o mọ ẹnu mi yìí, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá rẹ ní bóyá kí òun pe dókítà.

Míìsì ní kí o wá bá wa jókòó lórí fóònù ní Sátidé tó ń bọ̀. Kí o má sọ̀rọ̀ o. Kí o kàn gbọ́.

Bàbá rẹ,
Ràṣídì.


Leeds,
6 oṣù Kẹjọ, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé.

Ṣé èmi ni mo wá jí bátìrì báyìí? Àkàrà ló sọ ọmọ di olè? Ọmọ mélòó ni ìyá wọn ti fi sílẹ̀ nílé lọ sí òkè òkun, ṣé gbogbo wọn ló ń jà mọ́ṣáláṣí lólè? Ẹ bi mí bóyá mo jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ bi mí bóyá mo gbójú sókè títí a fi dé Ìkẹjà. Bí mo bá ti dúró kí ó dé, mi ò bá má lọ mọ́, ẹ̀yin gan-an lẹ sì sọ fún mi pé kí n lọ.

Mi ò ní jókòó sórí fóònù kí àjèjì máa wò mí bí mo ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ mi lẹ́nu ọmọ tí mo bí. Mansur ń bọ̀ ní ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí. Ẹ bá mi di ẹrù rẹ̀.

Kúlúsúmù.


Agboolé Alápó, Ẹdẹ,
17 oṣù Kẹjọ, 2025.

Kúlúsúmù ọmọ mi tó ń bínú,

Mo rọra kí ọ, bí a ti ń kí ẹni tó ru omi gbígbóná. Ìwọ kọ́ lo jí bátìrì. Mo bi Míìsì, ó ní òun ò wá ẹni tó jẹ̀bi wá sí agboolé wa, pé ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà wálé lòun ń wá.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní Sátidé tí o ò wá, Míìsì ní kí la rò pé ó yẹ kí a ṣe. Òun alára ò mọ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé òun ò mọ̀. Ládánì Lásísì ló la ẹnu. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá rán an níṣẹ́, kó jókòó sójú kan títí ọmọ á fi dé. Kó má dìde. Ibi tó bá ti rán an ni kó ti padà bá a."

Mo ní, "Ládánì, bí ìtọ̀ bá wá gbọ̀n mí ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ràṣídì, kó o tọ̀ sára."

Èmi ni mo kọ́kọ́ rán an. Mo ní kó lọ ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì wá fún mi. Míìsì wò mí tìyanu-tìyanu. Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé bátìrì ti di èèwọ̀ ni?" Roqeeb fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó lọ. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó gùn mí lórí, ó bọ́ sí mi lẹ́yìn. Ìtọ̀ dé. Àwọn ọmọ agboolé ń kọjá, wọ́n ní, "Bàbá, ṣé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ yín mọ́lẹ̀ ni?" Ìyá rẹ gbé ọbẹ̀ àti ẹ̀kọ wá, mo jẹ ẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ojú kan lẹ́yìn ògiri ilé Fawziyah. Roqeeb ni. Ó ti dé tipẹ́. Bátìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró, ó ń wò mí bóyá màá dìde.

Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó pẹ́, ó jáde, ó wá na bátìrì náà sí mi. Ó ní, "Ẹ ṣì wà níbí."

Mo ní, "Níbo lo fẹ́ kí n lọ?" Mo wá fò dìde, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ìgbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀rù tó bà mí. Ọjọ́ mélòó ni ọmọ yìí ti dúró lẹ́yìn ògiri, tí àwa ń sọ pé gáréèjì ló wà?

Ọ̀rọ̀ náà kan àdúgbò. Ìyá Fàsílátù rán an lọ ra àlùbọ́sà, ó sọ agbada kalẹ̀ kúrò lórí iná. Àwọn oníbàárà ń kùn, ó ní, "Ẹ ní sùúrù, ọmọ mi ń bọ̀." Ọlọ́kadà kan rán an lọ ra ọ́ìlì, ó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀, èrò dé, ó ní òun ò gbé. Ládánì Lásísì rán an níṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn ní ìsàlẹ̀ odò, òjò sì ṣú. Wọ́n jókòó sórí àga níwájú mọ́ṣáláṣí. Òjò náà rọ̀, kì í ṣe òjò àwàdà. Àwọn èèyàn ń pè wọ́n pé kí wọ́n wọlé. Wọ́n ṣí agboòrùn, wọ́n ní, "Ibí ni mo ti rán an." Agboòrùn náà ya. Ọmọ tó jí bátìrì wọn ni wọ́n ń dúró dè! Nígbà tí Roqeeb yọ lókè, tó rí arúgbó nínú òjò, ó sáré. Kúlúsúmù, mi ò rí i kí ọmọ yẹn sáré bọ̀ wálé rí láti ìgbà tí o ti lọ.

Mo ti dàgbà sí ìlú yìí. Mo ti rí omi Ọ̀ṣun tó kún wọ ilé onílé, mo rí ọjọ́ tí ọ̀sán di òru lójú wa. Mi ò rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó àdúgbò tó jókòó. Bí o bá gba ojú ọ̀nà wa kọjá lọ́sàn-án, wàá rí ẹnìkan lórí àga, ojú ẹ̀ wà lọ́nà, bí ìgbà tí gbogbo ìlú ń retí oṣù ààwẹ̀ lójú ọ̀run. Èmi tí mo ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, ìtìjú ń bá mi láti sọ̀rọ̀ sókè.

Má rò pé ó ti tán o. Adéyẹmí télọ̀ rán an lọ ra òwú, ó gbàgbé, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ síbi ìkómọ. Roqeeb dé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ọjọ́ kejì la tó rí i, ní gáréèjì, láàárín àwọn tí o mọ̀. Ìyá rẹ ò jẹun. Adéyẹmí wá bá a níwájú gbogbo wa, àgbàlagbà tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé, ó ká fìlà, ó ní, "Roqeeb, má bínú. Mo gbàgbé ẹ. Kò yẹ kí n gbàgbé ẹ." Ọmọ náà ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú òwú jáde, ó fún un. Àtàná ló ti wà lápò rẹ̀.

Gbogbo èèyàn ló ti jókòó dè é tán. Ẹnìkan ló kù.

Bàbá rẹ,
Ràṣídì.


Agboolé Alápó, Ẹdẹ,
24 oṣù Kẹjọ, 2025.

Kúlúsúmù,

Fawziyah ní àmì méjì tó wà lábẹ́ ìwé mi ti di búlúù, pé o ti kà á. O kà á, o dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo ti ń bá ìyá rẹ tó ni ín gbé láti ìgbà èwe mi.

Mansur wá lánàá láti Òṣogbo. Ó jẹ iyán ìyá rẹ tán, ó nu ẹnu, ó ní Sátidé tó ń bọ̀ lòun ń bọ̀ wá gbé Roqeeb, pé àṣẹ rẹ ni. Mo sọ gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní, "Bàbá, ìjókòó lẹ fi ń wo olè?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé bó bá jókòó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ikùn rẹ̀ fọn.

Roqeeb gbọ́. Lẹ́yìn tí Mansur lọ, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń tún táyà kẹ̀kẹ́ àtijọ́ mi lẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, tí Bọ̀dá Mansur bá gbé mi lọ síbẹ̀, ta ló máa jókòó dè mí?"

Mi ò rí èsì. Bí o bá ní, fi ránṣẹ́ sí mi, kí n lè fún un.

Ràṣídì.


Leeds,
27 oṣù Kẹjọ, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ẹnu ni kò gbà á.

Bàbá arúgbó kan wà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti mọ́, á ní kí a gbé òun sí ojú fèrèsé, ọmọ òun obìnrin ń bọ̀. Ọmọ náà kì í wá. Bí oúnjẹ bá tó, èmi ni mo máa ń ti àga rẹ̀ kúrò níbẹ̀, á máa bá mi jà pé tí ọmọ bá dé tí kò bá òun ńkọ́. Mo máa ń rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà á láàmú. Lánàá, mi ò lè ti àga náà. Mo gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀. Ọ̀gá mi bá mi wí.

Mo ti bá Mansur sọ̀rọ̀. Ó ní iṣẹ́ àyíká ilé kì í ṣe iṣẹ́, pé kí a rán an lọ síbi tó jìnnà, tó bá lè sá, kó sá. Bí wọ́n bá pe ìrun Alásárì ní ìrọ̀lẹ́ tí kò dé, òun á wá a rí, á sì gbé e lọ tààrà. Mo gbà. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa. Èmi ni màá rán an. Ẹ bá mi gbé fóònù sí ibi tó ti lè rí mi láti ọ̀nà. Iṣẹ́ òru ni mo máa ti dé láàárọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n mi ò ní sùn, Bàbá. Ẹ sọ fún un pé mi ò ní dìde.

Ọmọ yín,
Kúlúsúmù.


Agboolé Alápó, Ẹdẹ,
30 oṣù Kẹjọ, 2025.

Kúlúsúmù ọmọ mi,

Mi ò kí ọ, nítorí o ṣì ń sùn bí mo ti ń kọ ìwé yìí, a kì í sì í kí ẹni tó ń sùn. O wà lórí àpótí níwájú mi nínú fóònù Fawziyah, a fi bùtà gbè ọ́ lẹ́yìn. Orí rẹ ti tẹ̀ sára ògiri, ẹnu rẹ wà ní ṣíṣí. O sì ń hanrun o. Bí o bá jí, ìwọ yóò jiyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń yára kọ ọ́ sílẹ̀.

O rántí bí o ti rán an lẹ́yìn ìrun Àìlà ọ̀sán. O ní, "Roqeeb, lọ bá mi ra iṣu tuntun ní ọjà Sekona, kí o gbé e wá fún ìyá àgbà. Ibí ni mo wà." Ó wò ọ́ títí, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. O rí àwọn tó wá kí ọ: Ìyá Fàsílátù, Adéyẹmí télọ̀, Míìsì Comfort tó jókòó sẹ́yìn gbogbo wa tí kò sọ̀rọ̀ rárá. O dá gbogbo wọn lóhùn. Mo rí i tí o ń gbá ara rẹ létí kí oorun má baà gbé ọ. Níbi tí o mọ̀ mọ nìyẹn.

Mansur kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ẹ wò ó, ó ti sùn."

Mo ní, "Ó dìde ni? Wọ́n ní kó má dìde. Wọn ò ní kó má sùn."

Òjò ṣú, kò rọ̀. Òjìji igi máńgòrò gùn títí ó fi kan mọ́tò Mansur. Kò sẹ́ni tó yọ. Ìyá rẹ ń gbàdúrà lábẹ́nu. Mansur dìde, ó ń mi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ládánì Lásísì jáde sí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí, wọ́n wo aago. Wọ́n tún ọ̀fun ṣe. Wọ́n wo ọ̀nà Sekona, wọ́n tún ọ̀fun ṣe. Wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti kékeré la ti jọ ń gbé, mi ò mọ̀ pé ọ̀fun èèyàn lè dọ̀tí tó báyìí. Nígbà tí wọn ò lè dá a dúró mọ́, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sétí láti pe ìrun.

Fawziyah ló pariwo, ìyá rẹ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Roqeeb ni, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀. Ọ̀kadà bà jẹ́ sójú ọ̀nà. Amọ̀ dé orúnkún rẹ̀, iṣu méjì wà lórí rẹ̀.

Kò kí ẹnikẹ́ni. Ìwọ ló wá bá tààrà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì rí i pé o ti sùn. Kúlúsúmù, mo ní ó tún ti tán. Ó wò ọ́, ó wò ọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ó gbé iṣu náà kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níwájú fóònù, ó ká orúnkún jọ.

Mansur súnmọ́ ọn, ó ní, "Roqeeb..." O mọ ohùn rẹ̀.

Ọmọ náà fi ìka lé ẹnu. Ó ní, "Ẹ rọra, Bọ̀dá. Màmá mi ń sùn. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi níbí tí wọ́n bá jí."

Àbúrò rẹ dúró gbagidi. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sídìí mọ́tò. Kò ṣáná sí i. Ó ju ọwọ́ sí àwọn ọlọ́kadà, wọ́n wá, Adéyẹmí wá, gbogbo wọn fi ọwọ́ ti mọ́tò náà jáde kúrò ní àdúgbò wa títí dé orí títì, kí ariwo ẹ̀rọ má baà jí ọ. Ládánì Lásísì pe ìrun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń sọ àṣírí fún Ọlọ́run. Gbogbo àdúgbò gbọ́.

Wọ́n ti kírun tán báyìí. Ìyá rẹ ti se nínú iṣu náà, ó ní kí Roqeeb wá jẹun. Ó ní rárá. Ó ṣì jókòó síbẹ̀.

Jí, ọmọ mi. Kò tíì dìde.

Bàbá rẹ,
Ràṣídì.